Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn Lẹ́ẹ̀mejì: Àkọsílẹ̀ Òru Kan ní Agbègbè Kétu

Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí obìnrin kan tí mo gún ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tí a fi ń pa ìmọ̀lára ara fún iṣẹ́ abẹ, lẹ́ẹ̀mejì ní òru ọjọ́ kan, tí ẹ̀ẹ̀kejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti gbà kí n kọ ọ́, bí n kò bá ti kọ ohun tí ènìyàn lè fi dá wọn mọ̀. Nítorí náà n kò ní dárúkọ abúlé wọn, n kò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí mo wà nígbà náà, ju pé agbègbè Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, nínú oṣù tí òjò ti sọ ọ̀nà Ìdígní di ẹrẹ̀. Iṣẹ́ ìkunnilóorun ni mo ń ṣe. Èmi kì í ṣe dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí, tí mo tún lọ kọ́ bí a ti ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí níbi tó jìnnà sí Kútọnu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn agbẹ̀bí, àti àwọn ẹbí tí ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ń kọ ọ́ sí, nítorí mo rí i pé gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ní abẹ́rẹ́ kékeré.

Ó ní ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2009 ni ìjọba ilẹ̀ Benin ti sọ iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn fún un. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ tí wọ́n bá sọ fún pé iṣẹ́ abẹ ni ìyàwó rẹ̀ nílò yóò kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò yá a lówó, tàbí ẹni tí yóò ra àgbàdo rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, òru a sì ti lọ jìnnà kí ó tó padà dé. Ẹrù náà ti fúyẹ́, àwọn obìnrin tí ìbá kú sí abúlé sì ń dé ọ̀dọ̀ wa. Àmọ́ iye aláboyún tí ń dé ti pọ̀ sí i ju iye ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ìkunnilóorun lọ, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni ó sì bá wa dí àlàfo náà. Ohun tuntun kọ́ ni; ọdún 1898 ni August Bier ti kọ́kọ́ lò ó fún iṣẹ́ abẹ ní ìlú Kiel ní Jámánì. Oògùn tí kò tó ìdajì ṣíbí kékeré, tí a bá tú u sínú omi gaara tó yí iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ká, á pa ìmọ̀lára láti àyà dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá á máa wo ojú wa, á gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì ní gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró lójú oorun, ewu tí Curtis Mendelson kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1946 láti ara àwọn aláboyún tí wọ́n kùn lóorun. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, tó jáde ní 2016, fi hàn pé ewu ikú fún ìyá tí wọ́n kùn lóorun pátápátá tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Kì í ṣe pé mo lòdì sí abẹ́rẹ́ náà. Lójoojúmọ́ ni mo ń fi í gba ẹ̀mí là, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn sì ti ń balẹ̀ jù.

Aago 21:40 ni wọ́n gbé obìnrin náà dé. Ọmọ ọdún 27 ni, oyún rẹ̀ kẹta nìyí, wọ́n sì ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí èkejì. Gàrí ni ó ń yan tà. Láti òwúrọ̀ ni ó ti ń rọbí ní ilé ìwòsàn kékeré abúlé. Nígbà tí agbẹ̀bí ibẹ̀ rí i pé orí ọmọ kò sọ̀kalẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ mú ọkọ̀ wọn lójú ọ̀nà fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá a wá. Ẹrẹ̀ ti gun ẹsẹ̀ ìyá náà dé orúnkún, nítorí òun náà wà lára àwọn tó ti ọkọ̀. Mo bi aláboyún náà léèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, kí ó tó dáhùn, ìyá ọkọ rẹ̀ ní, “Ẹ̀kọ ni mo fún un mu lọ́sàn-án, kí ó lè lágbára.” Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 118 lórí 72, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 108 ní ìṣẹ́jú kan, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (hemoglobin) kò pọ̀ tó, gíráàmù 8.9 nínú désílítà kan. Ọkàn ọmọ ti wálẹ̀ sí 100, kì í sì í tètè gòkè padà bí ìrọbí bá ti kọjá. Obìnrin náà kò ga: mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 52. Mo kọ gíga rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí èmi kò rántí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó yẹ kí n rántí rẹ̀. Ní aago 22:05 dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni.

Olùkọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa sọ fún wa pé ẹni tó bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ tábìlì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kun aláìsàn lóorun pátápátá. Mo tẹ́ ẹ. Mo gbé irin oníná tí a fi ń wo ọ̀nà ọ̀fun síbẹ̀, mo tan iná rẹ̀ wò. Mo kó rọ́bà èémí nọ́ńbà 7 àti 6.5 sílẹ̀, mo dán ẹ̀rọ tí ń fa itọ́ àti èébì wò, mo gbé Ambu sí ìtòsí, ìyẹn àpò rọ́bà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ láti fún ènìyàn ní èémí. Mo fa ketamine tí ń kun ènìyàn lóorun, suxamethonium tí ń dẹ ẹran ara kí rọ́bà lè wọ ọ̀fun, atropine tí ń mú ọkàn yára àti ephedrine tí ń gbé ìfúnpá sókè sínú síríńjì, mo po adrenaline, tí agbára rẹ̀ ju ti ephedrine lọ, sílẹ̀, mo sì lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ó gbà mí, dókítà sì ń wò mí bí ẹni tó ń pẹ́. Bí mo bá fo ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni n bá máa kọ lónìí.

Ohun tí kò sí lórí tábìlì náà ni capnograph, ẹ̀rọ tí ń ka gáàsì káábọ́ọ̀nù nínú èémí tí aláìsàn ń mí síta, tí ó sì ń sọ lójú ẹsẹ̀ bóyá rọ́bà wà nínú ọ̀nà èémí tàbí ó ti ṣìnà wọ ọ̀nà oúnjẹ. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìkunnilóorun lágbàáyé gbé jáde ní 2018 rọ gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń fi rọ́bà sí aláìsàn lọ́fun láti wá a. Phenylephrine náà kò sí, oògùn tí wọ́n ń lò ju ephedrine lọ báyìí ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá láti gbé ìfúnpá aláboyún dúró. Ọ́síjìn wa ń ti inú ẹ̀rọ kan wá, tí ń fa afẹ́fẹ́ yàrá, tí ó sì ń yọ ọ́síjìn jáde nínú rẹ̀. Bí iná bá lọ, ọ́síjìn lọ. Àgbá ọ́síjìn kan dúró ní igun yàrá fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ yìí kò sí nílé ìwòsàn ní òru náà. Èmi nìkan ni, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kejì ní yàrá iṣẹ́ abẹ.

A gbé aláboyún náà jókòó sétí ibùsùn, ó fi àgbọ̀n kan àyà, akẹ́kọ̀ọ́ náà dì í mú léjìká. Ìrọbí ń mú un léraléra, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì le gbagidi nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní aago 22:24 mo gún un láàárín egungun ìbàdí kẹta àti ìkẹrin. Omi gaara jáde. Mo so síríńjì mọ́ abẹ́rẹ́, mo sì tú bupivacaine 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí wọ́n fi ṣúgà sí kí ó lè wúwo ju omi ẹ̀yìn lọ, mìlílítà 2, ìyẹn mílígíráàmù 10. Bí mo ti ń tú u lọ, ìrọbí mìíràn mú un, ó na ẹ̀yìn lójijì. Mo gbà pé abẹ́rẹ́ kò yẹ̀. Nígbà tí mo fa síríńjì wò ní ìparí, omi díẹ̀ tún yọ, ṣùgbọ́n kò yá bíi ti àkọ́kọ́. A dá a dùbúlẹ̀, mo fi ìrọ̀rí sábẹ́ ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún kí ilé ọmọ má bàa tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pa.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún mo fi òwú tí mo rì sínú sípíríìtì kàn án lẹ́sẹ̀. Kò mọ̀ pé ó tutù. Mo kàn án nítan. Kò mọ̀ ọ́n. Mo kàn án ní ìdodo, ó ní, “Ó tutù.” Fún iṣẹ́ abẹ yìí, kò yẹ kí ó mọ òtútù mọ́ títí dé ìbú orí ọmú. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ó ṣì ń mọ òtútù ní ìsàlẹ̀ ìdodo, ọkàn ọmọ sì ti di 90. Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, kò yàtọ̀. Dókítà ti wẹ ọwọ́, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò mí. Kò sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ní yàrá náà. Ìró ẹ̀rọ nìkan ni à ń gbọ́.

Mo ti ronú lórí ìṣẹ́jú yẹn ju bí mo ti lè kà á lọ. Mo lè tẹ orí ibùsùn sísàlẹ̀ díẹ̀, kí n fún oògùn tó wúwo náà láyè láti ṣàn gòkè. Mo lè fi ketamine kùn ún lóorun, kí n sì fi rọ́bà sí i lọ́fun nítorí ẹ̀kọ tó mu. Bí mo bá sì fẹ́ tún un gún, mo lè dín oògùn kù sí ìdajì tàbí kí n má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sọ fún ara mi pé oògùn àkọ́kọ́ ti dànù síta, pé kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Mo gbé e jókòó padà, mo sì tún fún un ní mílígíráàmù 10 gbáko ní aago 22:40. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Ẹsẹ̀ tí kò mọ òtútù ti sọ fún mi pé oògùn àkọ́kọ́ wà níbẹ̀.

Ní aago 22:43 ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ń kú lọ.” Àyà mi já. Mo ní kí ó tẹ ọwọ́ mi. Ó gbé ìka lé ọwọ́ mi, ìka náà kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni. Mo ní kí ó wúkọ́. Ohun tó jáde kò ju èémí tí ènìyàn fi ń nu gíláàsì lọ. Nígbà tó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohùn, ètè rẹ̀ nìkan ni mo rí tó ń mì, ohun tí mo sì rí kà lára ètè náà ni “èémí”. Ìfúnpá rẹ̀ ti di 64 lórí 31. Ọkàn tó ń lù ní ìgbà 108 ti di 46. Ẹ̀rọ orí ìka tí ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀: 96, 93, 89. Bí nọ́ńbà bá ti ń wálẹ̀ ni ìró ẹ̀rọ náà ń rẹlẹ̀, ìró tí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí máa ń gbọ́ lójú àlá.

Oògùn náà ti gòkè kọjá àyà. Ó ti dé ibi tí àwọn iṣan tí ń mú ọkàn yára ti ń jáde lẹ́yìn, ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ti mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí kò padà sí ọkàn. Ó sì ń sún mọ́ ọrùn, níbi tí iṣan tí ń darí èémí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo kígbe pé, “Abẹ́rẹ́ ti gòkè jù! Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọmọ jáde kíákíá.” Mo ní kí agbẹ̀bí fi ọwọ́ ti ilé ọmọ sápá òsì, mo tú omi iyọ̀ sílẹ̀ kí ó máa ṣàn láìdá dúró, akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, mo fi Ambu bò ó lẹ́nu àti nímú. Mo fún un ní atropine. Mo fún un ní ephedrine mílígíráàmù 10. Ìfúnpá kò gbọ́. Mo fún un ní òmíràn, kò gbọ́. Mo bá mú adrenaline tí mo ti pò sílẹ̀, máíkírógíráàmù 10 nínú mìlílítà kọ̀ọ̀kan, mo fún un ní mìlílítà 5. Ọkàn rẹ̀ dìde: 58, 79, 112. Ìfúnpá tún rí kà, 95 lórí 50.

Ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, ó ń wò mí. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kà á dúró sí díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó gòkè jù kò fi dandan mú ọpọlọ sùn: ẹni náà lè máa gbọ́, kí ó máa rí wa, kí ó má sì lè mí, kí ó má lè ké, kí ó má lè mi ìka. A máa ń sáré sí ìfúnpá àti ọ́síjìn, ó sì yẹ kí a sáré sí i, ṣùgbọ́n ènìyàn wà nínú ara náà. Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo ní, “Èmi ni mò ń bá yín mí. Ẹ kò kú. Oògùn ló dì yín mú, yóò tú yín sílẹ̀. Mò ń fún yín ní oorun báyìí.” Lẹ́yìn náà ni mo fún un ní ketamine mílígíráàmù 50 àti suxamethonium 100. Agbẹ̀bí tẹ ìsàlẹ̀ gògóńgò rẹ̀ kí ẹ̀kọ má bàa gòkè, mo wo ọ̀nà ọ̀fun, mo sì ti rọ́bà nọ́ńbà 7 wọlé. Kò sí capnograph tí yóò fọwọ́ sí i fún mi. Mo fi etí wá èémí lápá ọ̀tún, mo gbọ́ ọ. Lápá òsì, mo gbọ́ ọ. Nínú ikùn, n kò gbọ́ nǹkan kan. Inú rọ́bà náà sì ń fún ìkùukùu bí èémí bá ti ń jáde.

Aago 22:52 ni ọmọ jáde, ọmọkùnrin. Ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Agbẹ̀bí nù ún, ó fi Ambu kékeré fún un ní èémí. Ní ìṣẹ́jú kìn-ín-ní ó gba 4 nínú 10 lórí òṣùwọ̀n Apgar, èyí tí a fi ń wo bí ara ọmọ tuntun ti le tó, ní ìṣẹ́jú karùn-ún ó gba 8, ó sì ké.

Ní aago 23:04 iná lọ. Ẹ̀rọ ọ́síjìn dákẹ́. Ẹ̀rọ tí ń ka ìfúnpá ní bátìrì, ojú rẹ̀ nìkan ló ń tàn nínú òkùnkùn títí ẹnì kan fi tan fóònù sórí ikùn tó ṣí sílẹ̀. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí àgbá ọ́síjìn. Ó lọ, ó padà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, sípánà rẹ̀ kò sí.” Sípánà náà ti bá àgbá mìíràn lọ sí yàrá àwọn ọmọdé lọ́sàn-án, kò sí ẹni tó rántí dá a padà. N kò ráyè bínú nígbà náà, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi. Ìṣẹ́jú 11 ni ó kọjá kí ẹ̀rọ amúnáwá tó dáhùn, afẹ́fẹ́ yàrá lásán ni mo sì fi ń tẹ Ambu títí. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ní ọ́síjìn 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀dọ̀fóró obìnrin náà mọ́, èébì kankan kò wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ orí ìka dúró sí 93, kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ọ́síjìn bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àpò rọ́bà sílẹ̀ lọ wá àgbá kiri.

Wọ́n rán ikùn tán ní aago 23:38. Kò sí ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn mí nílé ìwòsàn náà, n kò sì lè máa tẹ Ambu fún wákàtí méjì kí n tún máa wo ìfúnpá, kí n máa fún un ní ketamine díẹ̀díẹ̀ kí ó má bàa jí sínú ara tí kò lè mì. Mo gbé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà lé àpò rọ́bà, mo gbé tèmi lé e lórí. Mo ní, “Má tẹ̀ ẹ́ jù. Bí o bá ti rí àyà tó dìde, dẹ̀ ẹ́. Kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, kí o tó tún tẹ̀.” Ìgbà 12 ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n fún bí èémí mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ó dúró. Ó ń kà á sábẹ́ ohùn. Nígbà tí mo ní kí ó sinmi kí agbẹ̀bí gbà á, ó ní rárá, òun ti mọ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dìde.

Mo jáde lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ó ti fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo ní, “Ìyá, ẹ kú ewu. Ọmọ ti dé, ọkùnrin ni. Ìyàwó yín wà láàyè, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fi pa ìmọ̀lára rẹ̀ pọ̀ jù fún un, kò tíì lè dá mí. À ń bá a mí.”

Ó wò mí títí. “Ta ló fún un?”

“Èmi ni, Ìyá.”

Ó ní, “Ẹ padà síbẹ̀.”

Ní aago 00:50 àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún mì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ejìká, lẹ́yìn rẹ̀ ni èémí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín èyí tí à ń fún un. Ní aago 01:30 ó lè tẹ ọwọ́ mi dáadáa, ó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí fún ìgbà tí mo fi ka àrún. Mo fa itọ́ ẹnu rẹ̀, mo sì yọ rọ́bà náà. Omi ni ó kọ́kọ́ béèrè.

Kí ló fà á? Ó dá mi lójú pé abẹ́rẹ́ yẹ̀ díẹ̀ nígbà tó na ẹ̀yìn, tí apá kan oògùn àkọ́kọ́ fi wọlé, tí apá kan sì dà síta. Apá tó wọlé kò tó fún iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, èkejì sì bá a níbẹ̀. Nínú oyún, ilé ọmọ tó wúwo máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀pá ẹ̀yìn wú, omi ẹ̀yìn a dín kù, oògùn kékeré a sì rìn jìnnà ju bí ó ti ń rìn lára ẹni tí kò lóyún. Ẹni kúkúrú, oògùn rẹ̀ kò ní ọ̀nà púpọ̀ láti rìn kí ó tó dé ọrùn. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Mo ti kọ́ ọ, mo ti kọ́ ẹlòmíràn. Mo sì ti kọ gíga rẹ̀ sínú ìwé tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi.

Nítorí náà, n kò lè sọ pé àìmọ̀ ni. Ọkàn ọmọ tó ń wálẹ̀ àti ojú dókítà tó ń dúró dè mí ni ó ń tì mí, kò sì sí ẹnì kejì tó mọ iṣẹ́ náà tí yóò bi mí pé, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?” Àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìkunnilóorun lágbàáyé ní ó kéré tán kí dókítà márùn-ún tó mọ iṣẹ́ yìí wà fún ènìyàn 100,000, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wa ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà kò ní ẹyọ kan fún iye ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 22 nílẹ̀ Áfíríkà, tó jáde ní 2019, rí i pé nínú 1,000 ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí, bí márùn-ún ló kú, èyí tó tó ìlọ́po 50 ti àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Ẹ̀jẹ̀ dídà àti ìṣòro ìkunnilóorun sì wà lára ohun tó bá ikú wọn rìn. Ní àwọn ìlú ńlá báyìí, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ àwòrán wo ẹ̀yìn kí wọ́n tó gún un, wọ́n sì ń fi irin tó ní kámẹ́rà wo ọ̀fun. Mo fẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, capnograph ni n ó mú, bí wọ́n bá sì ní kí n mú nǹkan kan ju capnograph lọ, ẹnì kejì ni n ó mú.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta gbogbo wa tí a wà ní yàrá náà jókòó, èmi, dókítà, agbẹ̀bí àti akẹ́kọ̀ọ́. Dókítà ni ó kọ́kọ́ sọ pé òun náà lẹ́bi, pé ó yẹ kí òun bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ ṣe dípò kí òun kàn dúró máa wò mí. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi fún ọ̀rọ̀ yẹn. A dè sípánà mọ́ ọrùn àgbá pẹ̀lú okùn. A fohùn ṣọ̀kan pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kejì kò ní wọ ara ẹnikẹ́ni mọ́ àfi kí n sọ nǹkan mẹ́ta sókè kí gbogbo yàrá gbọ́: ibi tí òtútù dé, ìṣẹ́jú tó ti kọjá, àti iye oògùn tí mo fẹ́ fún un, kí ẹlòmíràn sì tún un sọ padà fún mi. Lórí fóònù mi, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ yìí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) gbà pé mo lè pe òun ní aago èyíkéyìí lóru. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà náà, ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, mo ti lọ jókòó ti obìnrin náà níbi tó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀, pé èmi ni mo fún un ní oògùn tó pọ̀ jù. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òun mọ̀ pé nǹkan ṣe òun, nítorí òun ń gbọ́ gbogbo wa. Ó ní òun gbọ́ nígbà tí ẹnì kan kígbe pé abẹ́rẹ́ ti gòkè, òun gbọ́ irin tó bọ́ sílẹ̀, òun sì ti gbà pé òun ti kú, pé bí òkú ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ alààyè nìyẹn. “Ìgbà tí ẹ ní mi ò kú ni mo tó mọ̀ pé mi ò kú.” N kò lè dá a lóhùn fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n padà sílé ní ọjọ́ keje. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì wá mi dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó béèrè bóyá wọ́n á tún gún òun lẹ́yìn bí òun bá tún lóyún. Mo ní ó ṣeé ṣe, bí ẹni tó máa gún un bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ní èdè Faransé, nítorí n kò mọ ilé ìwòsàn tí yóò bá ara rẹ̀: gíga rẹ̀, oògùn àkọ́kọ́, oògùn kejì, aago méjèèjì, ibi tí òtútù dé, ohun tó tẹ̀ lé e, àti pé kí wọ́n lo oògùn tó kéré, kí wọ́n sì tẹ́ tábìlì wọn pé. Mo kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà mi sísàlẹ̀. Mo kà á fún un ní Yorùbá, ó ní kí n tún ibi tí iye oògùn wà kà, mo tún un kà. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í sínú ọ̀rá kan náà tí káàdì àjẹsára ọmọ wà, ó sì so ọ̀rá náà mọ́ ìṣẹ́tí ìró.